Ṣé Kí N Ra Ẹ́ńjìnnì Mìíràn? Ìdáhùn sí Olùkọ́ Kan ní Ìsánlú Lórí Ọkọ̀ Tó Ń Gbóná

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogi, ni ó kọ̀wé sí mi. Ó ní òun ra Toyota Corolla ọdún 2005, tòkunbọ̀, ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn. Láti bí oṣù mẹ́rin ni ọkọ̀ náà ti ń gbóná nígbàkúùgbà tí ó bá ń gun òkè lẹ́yìn trélà láàárín Kàbà àti Lọ́kọ́ja. Mẹkáníìkì rẹ̀ yọ tamositáàtì, fáàfù kékeré tó ń darí omi inú ẹ́ńjìnnì, dànù, ó so fáànù mọ́ iná tààrà, ó sì ní kí ó máa bu omi kànga sí i. Gbígbóná náà rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó tún padà dé. Nísinsìnyí, omi tó tó lítà kan ni ó ń dín láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ kò tutù níbi tí ọkọ̀ ń sùn. Epo bẹntiróòlù ń tètè tán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Iná ẹ́ńjìnnì tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù sì tàn, kò kú mọ́. Mẹkáníìkì ti wá sọ pé ẹ́ńjìnnì ti lọ, kí ó wá owó ẹ́ńjìnnì bẹlijíọ̀mù, ìyẹn àlòkù tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Ìbéèrè rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ṣé kí n rà á?"

Olùkọ́ wa, òkun o. Ẹ má tíì ra ẹ́ńjìnnì kankan. N kò sọ pé kò sí ohun tó lè ti ṣe ẹ́ńjìnnì yín. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé wọ́n ti yọ nǹkan, wọ́n ti so nǹkan, wọ́n sì ti bu nǹkan sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì wá ibi tí omi ń gbà lọ. Ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá rà lónìí, inú ọkọ̀ yìí kan náà ni wọn yóò gbé e sí. Rédíétọ̀ yìí kan náà ni yóò máa tu ú lára, fáànù yìí kan náà ni yóò máa fẹ́ ẹ, ìdérí yìí kan náà ni yóò dé omi rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni ó se ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́, yóò se èkejì náà, ẹ ó sì ti sanwó ẹ̀ẹ̀mejì fún àìsàn kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí tamositáàtì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Mẹkáníìkì yín kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe òpè. Àṣà tí ó jogún lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni ó tẹ̀lé, èmi náà sì yọ tamositáàtì títí ó fi sú mi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Ọkọ̀ tí àwọn ọ̀gá wa fi ń kọ́ni nígbà náà ni Peugeot 504, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975, àti Volkswagen ìjàpá, tí kò tilẹ̀ ní rédíétọ̀ rárá nítorí pé afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀. 504 ìgbà náà kò ní kọ̀ǹpútà. Kábúrétọ̀ ni ó ń pín epo fún un, bulọ́ọ̀kù, ìyẹn ìdí tó gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ró, sì jẹ́ irin gidi. Bí ẹ bá yọ tamositáàtì rẹ̀ nínú ooru ilẹ̀ wa yìí, ó lè jẹ epo díẹ̀ sí i, kò sì sí ẹni tí yóò fura. Àṣà náà wá rìn láti ọwọ́ ọ̀gá dé ọwọ́ ọmọṣẹ́, títí ó fi bá ọkọ̀ mìíràn pàdé, ọkọ̀ tí kò gbà á.

Iṣẹ́ tamositáàtì kò le láti yé ènìyàn. Fáàfù kékeré kan ni, tí ìda wà nínú ikùn rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ìda náà dì, fáàfù sì wà ní pípadé, kí omi inú ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru láìkọ́kọ́ lọ sí rédíétọ̀. Bí omi náà bá ti gbóná tó nǹkan bí 82 dígírì lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìda yóò yọ́, yóò wú, yóò sì ti fáàfù ṣí kí omi lè máa lọ tutù ní rédíétọ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ yín mọ̀ pé bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá móoru tó ní àkókò tí ó retí, ó gbà pé òtútù ṣì ń mú un, ó ń fún un ní epo ní àfikún, ó sì ń tan iná ẹ́ńjìnnì láti pe àkíyèsí yín. Kóòdù tí ẹ ó sábà bá níbẹ̀ ni P0128. Nítorí náà, méjì nínú àwọn ẹ̀sùn tí ẹ kọ, ìyẹn epo tó ń tètè tán àti iná tí kò kú, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ ọmọ àtúnṣe, kí wọ́n má jẹ́ ọmọ àìsàn.

Ohun tó tún ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé yíyọ tamositáàtì lè mú kí ọkọ̀ gbóná lórí òkè gan-an. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní, bí tamositáàtì ṣe ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ ni ó ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi ń gbà yí po nínú ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá yọ ọ́, ọ̀nà méjèèjì yóò wà ní ṣíṣí, apá kan omi gbígbóná yóò sì máa padà sínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. Ní ọ̀nà pẹrẹsẹ, ẹ́ńjìnnì yóò tutù jù. Ní orí òkè, yóò gbóná jù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì bóyá èyí tí ó yọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá wà, ẹ so okùn mọ́ ọn, ẹ rì í sínú omi nínú agolo lórí sítóòfù, kí ẹ sì máa wò ó bí omi ṣe ń móoru. Bí ó bá ṣí kí omi tó hó, kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn. Bí omi bá hó tí òun ṣì pa ẹnu dé, òun ni ó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀, títún òmíràn fi síbẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó tẹ̀lé yíyọ rẹ̀. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́, ẹ ra tuntun, èyí tó bá ẹ́ńjìnnì yín mu, kí ẹ sì dá a padà sí àyè rẹ̀. Ẹ má fi agolo yẹn se nǹkan jíjẹ mọ́.

Síso fáànù mọ́ iná tààrà jẹ́ ẹ̀gbọ́n àṣà yẹn. Fáànù tí ó ń yí láti ìgbà tí ẹ bá ti fi kọ́kọ́rọ́ ṣí iná títí di ìgbà tí ẹ ó fi pa á yóò tètè gbó, yóò sì máa jẹ iná bátìrì lásán ní ojú ọ̀nà gbọọrọ tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé fúnra rẹ̀. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ẹ kò ní mọ ìdí tí fáànù kò fi ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀: bóyá fíúùsì ni, bóyá rilé ni, bóyá wáyà kan ti já, bóyá mọ́tọ̀ fáànù ti ń rẹ̀ ẹ́ tí kò lè yí pẹ̀lú agbára mọ́. Rewáyà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò rí i láàárín wákàtí kan. Nígbà tí ó bá ti dá a padà, ẹ tan AC nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́; fáànù gbọ́dọ̀ yí. Ẹ fi ìwé kan sí iwájú rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ fà á mọ́ra. Mo ti rí fáànù tí wọ́n so wáyà rẹ̀ ní òdìkejì, tí ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì padà síta, tí onímọ́tò sì ń ra omi kiri. Ẹ tún wò ó bóyá ike ńlá tó yí fáànù ká ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn kan máa ń yọ ọ́ sọnù kí ọwọ́ wọn lè ráyè wọlé. Láìsí ike yẹn, afẹ́fẹ́ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ni fáànù yóò máa fà, èyí tó yẹ kí ó la inú rédíétọ̀ kọjá yóò sì dín kù.

Ẹ ti sọ pé lẹ́yìn trélà ni ọkọ̀ ti ń gbóná. Ẹ̀rí pàtàkì ni ẹ sọ yẹn. Ẹnikẹ́ni tó ń gba ọ̀nà yẹn mọ bí ó ṣe rí: láti ìgbà tí wọ́n ti fi kọnkéré ṣe ọ̀nà Ọ̀bàjànà sí Kàbà, tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 43, ọkọ̀ kékeré ń sáré dáadáa níbẹ̀, àfi tí trélà símẹ́ǹtì bá wà níwájú lórí òkè. Nígbà náà, jíà yóò wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò máa lágbára kíkankíkan, ọkọ̀ kò sì ní rìn tó èyí tí afẹ́fẹ́ yóò fi fẹ́ rédíétọ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ náà wá di ti fáànù. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná níbi tí ó ti ń rọra rìn tàbí tí ó dúró, tí ara rẹ̀ sì ń balẹ̀ bí ó bá sáré, fáànù tàbí ìdọ̀tí ojú rédíétọ̀ ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá ń gbóná nígbà tí ó ń sáré lórí ọ̀nà gbọọrọ, inú rédíétọ̀ ti dí, tàbí omi kò yí po dáadáa, tàbí wọ́tà-pọ́ǹpù ti rẹ̀. Bí ó bá sì ń gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ tan án ní òwúrọ̀, a ó lọ sórí gásíkẹ́ẹ̀tì, awẹ́ pẹlẹbẹ tó ń dí àárín tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì àti bulọ́ọ̀kù rẹ̀, kíákíá. Ẹ kọ àwọn ìgbà tí ó ti gbóná sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọ orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì: aago mélòó, ibo, AC wà ní títàn tàbí kò sí, eré mélòó. Ìwé yẹn yóò ṣe mẹkáníìkì yín láǹfààní ju kí ẹ sọ fún un pé "ó tún ti gbóná" lọ.

Nípa ìdọ̀tí, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín rédíétọ̀ àti rédíétọ̀ kékeré ti AC tó wà níwájú rẹ̀. Erùpẹ̀ ọyẹ́, ewé, ìyẹ́ kòkòrò àti ìràwé koríko ni ẹ ó bá níbẹ̀, pàápàá fún ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà oko lọ síbi iṣẹ́. Láti ẹ̀yìn, ní apá ẹ́ńjìnnì, ni kí wọ́n ti fi omi rọra fọ̀ ọ́ síta. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ afọkọ̀ tó lágbára wọ̀ ọ́ láti iwájú, àwọn ìyẹ́ pẹlẹbẹ ara rẹ̀ yóò tẹ̀, ìdọ̀tí yóò sì wọlé sí i.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé géèjì inú dáṣíbọ́ọ̀dù jù. Wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn kí abẹ́rẹ́ má baà máa gbọ̀n lójú awakọ̀: ó máa ń dúró sí àárín láàárín àyè ooru tó fẹ̀, ìgbà tí ó bá fi wá kúrò ní àárín, ooru ti ga. Èyí tó tilẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì jù ni pé bí omi bá ti gbẹ, ẹ̀rọ tó ń wọn ooru lè máà sí nínú omi mọ́, abẹ́rẹ́ sì lè wálẹ̀ bí ẹni pé ara ti tu ọkọ̀. Mo mọ ọ̀gbẹ́ni kan tó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí òkè nígbà tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà sísàlẹ̀, tó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Wọ́n fi trọ́ọ̀kì fa á wọ Kàbà. Ohun tí mo ń gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn lónìí ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ láti ara Bluetooth. Owó rẹ̀ kò pọ̀ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì. Yóò fi ooru omi hàn yín ní nọ́ńbà, yóò sì ka kóòdù iná ẹ́ńjìnnì yẹn fún yín. Nígbà tí tamositáàtì bá ti padà sí àyè rẹ̀, ẹ retí kí nọ́ńbà náà máa wà láàárín nǹkan bí 82 sí 95, kí ó máa gòkè díẹ̀ kí fáànù tó yí, kí ó sì tún sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá ti kọjá 105, ẹ pa AC. Bí kò bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà.

Ẹ wá jẹ́ kí a lépa lítà omi kan tó ń sọnù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo omi tí ọkọ̀ yín gbà kò ju nǹkan bí lítà 6.5 lọ, nítorí náà lítà kan kì í ṣe ohun à ń fojú fò. Ilẹ̀ tí kò tutù ní àárọ̀ kò sọ pé omi kò jò síta. Ìdérí rédíétọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń fura sí, nítorí pé òun ni ó rọjú jù láti rà, òun sì ni a kì í wò. Ìdérí yẹn ju ọmọrí ìkòkò lọ: sípíríǹgì wà nínú rẹ̀ tó ń mú kí ìfúnpá gbéra nínú omi, nọ́ńbà bí 0.9 tàbí 1.1 ni ẹ ó sì sábà rí lára rẹ̀. Omi lásán tó ń hó ní 100 dígírì nínú ìkòkò kò ní hó títí ó fi sún mọ́ 120 lábẹ́ ìdérí tó dára. Bí sípíríǹgì náà bá ti rọ̀, tàbí tí róbà etí rẹ̀ ti já, omi yóò máa hó ní kùtùkùtù, yóò gba inú páìpù kékeré lọ sínú ike rẹ̀, yóò sì kún un dà sójú ọ̀nà nígbà tí ẹ wà lórí ìrìn. Ẹ kò ní rí ẹ̀rí rẹ̀ nílé láéláé. Ẹ ra ìdérí gidi tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu. Kí ẹ má gba èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga jù ú lọ pé ó lágbára jù, nítorí ibi tó bá rọ̀ jù nínú hóòsì ni agbára yẹn yóò gbà jáde.

Lẹ́yìn ìdérí, kí wọ́n fi pọ́ǹpù àyẹ̀wò sí ẹnu rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kí wọ́n fún un ní ìfúnpá tí wọ́n kọ sára ìdérí, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí abẹ́rẹ́ pọ́ǹpù bá wálẹ̀, omi ń jò níbì kan: ní ibi tí ike rédíétọ̀ ti pàdé irin rẹ̀, ní ẹnu hóòsì, ní ihò kékeré tó wà lábẹ́ wọ́tà-pọ́ǹpù, tàbí nínú rédíétọ̀ kékeré tó ń mú inú ọkọ̀ móoru, èyí tí ẹ ó mọ̀ bí kápẹ́ẹ̀tì iwájú bá tutù. Omi tó bá rọra ń yọ lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná máa ń gbẹ kí ó tó kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ipa funfun tàbí ti ìpata sílẹ̀. Omi mímọ́ tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí AC wà ní títàn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí ó máa kán.

Bí pọ́ǹpù kò bá rí ibi tó ń jò síta, a jẹ́ pé inú ni omi ń lọ, a ó sì wá sọ̀rọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ fa igi ìwọnlé ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì bá ti dà bí tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ẹ má sì tan ọkọ̀ náà mọ́. Fọ́ọ̀mù díẹ̀ lábẹ́ ìdérí ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí nìkan kò tó ẹ̀rí, pàápàá fún ẹ́ńjìnnì tí kò ní tamositáàtì, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí kì í móoru dáadáa máa ń kó ìrì sínú. Ní òwúrọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ fọwọ́ fún hóòsì òkè ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn tí ẹ bá tan án. Bí ó bá ti le gbagidi, atẹ́gùn iná ẹ́ńjìnnì ni ó ń wọ inú omi, nítorí pé omi tí kò tíì móoru kò ní agbára yẹn. Kí wọ́n yọ pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń tan iná sí epo: èyí tó bá mọ́ tónítóní láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, omi ni ó ń fọ̀ ọ́. Àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù ni ti omi aláwọ̀ búlúù nínú ike aláwòye tí wọ́n ń gbé sí ẹnu rédíétọ̀. Bí èéfín iná inú sìlíńdà bá ń yọ́ wọ inú omi, àwọ̀ búlúù náà yóò di yẹ́lò. Bí kò bá yí padà lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ dáadáa títí ó fi móoru, tí wọ́n sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣeé ṣe púpọ̀ pé ẹ́ńjìnnì yín kò tíì kú, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ.

Bí ó bá sì di yẹ́lò ńkọ́? Kò tíì kan ẹ́ńjìnnì mìíràn síbẹ̀. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà ọkọ̀ yín àti bulọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ álúmíníọ̀mù, irin fúyẹ́ tí ooru ń mú wú ní nǹkan bí ìlọ́po méjì irin gidi. Bí ó bá gbóná jù, ojú rẹ̀ máa ń tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì kò sì ní lè dí i mọ́. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni kí wọ́n ṣí i, kí wọ́n fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, kí wọ́n sì dé e padà láìwọn ojú rẹ̀. Láàárín oṣù méjì, ó ti padà sí ti tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n gbé tọ́ọ̀pù náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ irin kí ó tẹ́jú. Kí wọ́n fi irin títọ́ àti abẹ pẹlẹbẹ wọn bí ó ṣe tẹ̀ tó. Kí wọ́n wò ó bóyá ó ti sán. Kí wọ́n wọn ojú bulọ́ọ̀kù náà. Bí ó bá sì di pé kí wọ́n so bọ́ọ̀tù padà, spánà tó ń ka agbára ni kí wọ́n fi so ó, láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìpele ìpele bí ìwé olùṣe ọkọ̀ ṣe là á sílẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá sọ pé apá òun ti mọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí rẹ̀, kí ẹ sì gbé iṣẹ́ yín lọ síbòmíràn.

Omi kànga tí ẹ ń bù ń dá kún ọ̀rọ̀ náà. Òkúta ni ilẹ̀ wa, láti Yàgbà títí dé Kàbà. Ní apá Ọ̀bàjànà àti Jákúrà, òkúta mábù ni wọ́n tilẹ̀ ń wà. Omi tó bá ti inú òkúta wá sábà máa ń gbé iyọ̀ òkúta dání, èyí tí ẹ ń rí ní ìdí kẹ́tù yín. Bí ó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù ni ó ń lẹ̀ mọ́ inú àwọn ihò tóóró rédíétọ̀, lítà kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù mẹ́rin sì ti ju ìlọ́po méjì gbogbo omi ọkọ̀ náà lọ. Omi lásán tún ń mú kí irin dípẹtà. Kúláǹtì, omi olóògùn tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, kì í ṣe ti ilẹ̀ òtútù nìkan: ó ń dènà ìpata, ó ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó, àwọ̀ rẹ̀ sì ń tú àṣírí ibi tó bá ti ń jò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ inú rédíétọ̀, ẹ lo irú èyí tí Toyota ń lò, tó máa ń ní àwọ̀ pupa tàbí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ (píńkì). Èyí tí wọ́n ti pò tán, ẹ má bu omi mọ́ ọn. Èyí tí ẹ ó pò fúnra yín, omi tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba èéfín rẹ̀ ni kí ẹ fi pò ó, ní ìdajì sí ìdajì. Bí kò bá sí, omi òjò tí ẹ gbè ní gbangba, lẹ́yìn tí òjò ti fọ ojú ọ̀run, sàn ju ti kànga lọ.

Ayédèrú kúláǹtì pọ̀, tó jẹ́ omi aláró lásán. Ẹ bu díẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ dì í ní kóko, kí ẹ fi í sínú fìrísà mọ́jú. Kúláǹtì gidi tí wọ́n pò ní ìdajì kò ní dì nínú fìrísà ilé. Omi aláró yóò le bí yìnyín. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ gbé e jìnnà sí oúnjẹ, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ. Kúláǹtì ní adùn lẹ́nu, ó sì jẹ́ májèlé. Ewúrẹ́ àti ajá tó bá lá a lẹ́yìn ilé lè kú.

Títí tí ẹ ó fi ṣe àwọn àyẹ̀wò yìí, ẹ wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Lọ́kọ́ja. Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Bí ó bá wá di dandan kí ẹ wa ọkọ̀ náà dé Kàbà lọ sọ́dọ̀ rewáyà, ẹ gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí ẹ wo omi kí ẹ tó tan ọkọ̀, kí ẹ sì má tan AC. Bí ooru bá gòkè, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ yí bọ́tìnì sí gbígbóná pátápátá, kí ẹ sì tan atẹ́gùn inú ọkọ̀ dé òpin. Yóò lẹ̀ yín lára bí ògúnná, ṣùgbọ́n ooru ẹ́ńjìnnì ni ó ń fà kúrò. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ pa ọkọ̀. Ẹ má ṣí ìdérí fún ó kéré tán ìdajì wákàtí, ẹnikẹ́ni tó wù kí ó máa pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Omi tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti kọjá 100 dígírì, yóò tú sójú ẹni tó bá ṣí i. Ẹ má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tó ń jó fòfò, nítorí pé tọ́ọ̀pù lè sán lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ẹ́ńjìnnì bẹlijíọ̀mù, ìgbà kan wà tí rírà rẹ̀ bọ́gbọ́n mu: bí bulọ́ọ̀kù bá sán, bí ó bá tẹ̀ kọjá àtúnṣe, tàbí bí ọ́ìlì alómi bá ti jẹ àwọn bẹ́ríìnì ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má rà á ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Kí wọ́n wọn ìfúnpá sìlíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó sanwó. Kò yẹ kí ìyàtọ̀ àárín wọn pọ̀. Ẹ fi ìka gba inú ẹnu hóòsì omi rẹ̀: bí ìpata bá bo ìka yín, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ náà ń bu omi kànga sí i. Kí ẹ gba ìwé àdéhùn tí ọjọ́ ìdánwò wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sí i, nítorí pé nọ́ńbà ti àtijọ́ ni ó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ lọ ṣàtúnṣe rẹ̀ kí àwọn ọlọ́pàá tó bi yín léèrè lójú ọ̀nà. Rédíétọ̀, ìdérí, hóòsì àti tamositáàtì tuntun gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìnnì náà wọlé ní ọjọ́ kan náà.

Ẹ má fi ìwé yìí han mẹkáníìkì yín bí ẹni tó gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Ẹ pè é, ẹ ní ẹ fẹ́ kí ẹ jọ ṣe àyẹ̀wò kí owó ńlá tó jáde, kí ẹ sì san owó àyẹ̀wò náà fún un lọ́tọ̀. Lára ohun tó ń jẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ wa máa fo àyẹ̀wò ni pé kò sí ẹni tó ń sanwó rẹ̀. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí wọ́n bá pààrọ̀ nìkan ni onímọ́tò ń rí. Ìdérí àti tamositáàtì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà fáànù, lẹ́yìn náà pọ́ǹpù àyẹ̀wò àti omi búlúù. Nígbà tí ẹ bá ti mọ àwọ̀ tí omi náà dà, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú nọ́ńbà ooru tí ẹ rí lórí òkè.